Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kò Pè Rí

"Ẹ pè é lórúkọ, Màmá. Ẹ má kì í, ẹ má kọrin fún un, ẹ sáà pè é lórúkọ."

Akíntẹ́wẹ, olùṣọ́ Òkè Ìkùukùu, ló sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú u í sọ. Arúgbó tó ń bá wí kò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé òkúta tó wà níwájú rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ra á bí ẹni tó ń ra orí ọmọ tó fẹ́ sùn. Òkúta náà ga tó ọkùnrin tó nàró. Ó dúdú, ó ń dán, kò sì sí ohun kan lójú rẹ̀ àfi ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ọ̀gangan ibi tí ẹnu ì bá wà ká ní èèyàn ni.

Morádékẹ́ ni arúgbó náà ń jẹ́. Ó tún gbẹ́nu sókè, ó tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

"Eyínmẹ́nugún, ọkọ mi. Adúmáadán ọkùnrin. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Èmi ìyàwó yín ni mo dé o."

Òkúta náà gbọ̀n díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan là nínú ihò náà, ó ṣẹ́jú, ó sì kú. Ohùn kan jáde, kì í ṣe ti ọkùnrin, kì í ṣe ti obìnrin, ohùn ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀ tán.

"N kò mọ ẹni tí ẹ ń pè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe ọmọ ogun náà ní orúkọ tó jẹ́ lọ sójú ogun."

"Ṣé ẹ gbọ́?" ni Akíntẹ́wẹ wí.

"Mo gbọ́. Etí mi kò tíì di."

Ọ̀sán ti ń rọ̀. Ìkùukùu ti gun orí òkè bó ṣe máa ń ṣe, ó ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín àwọn òkúta bí àlejò tó ń wá ilé tí wọ́n júwe fún un. Gbogbo òkúta tí wọ́n ti pè ló ti la ẹnu. Ìkùukùu ń gba ẹnu wọn wọlé, omi sì ń kán lẹ́sẹ̀ wọn, ó ń bọ́ sínú páìpù tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlú Ìdí-Òkè. Ìró omi náà kò ga, ṣùgbọ́n ó wà níbi gbogbo, ẹni tó bá sì dúró pẹ́ níbẹ̀, ojú rẹ̀ á máa wúwo. Àwọn labalábá onírin ń bà lé òkúta kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n ń fi ìyẹ́ wọn nu ewédò. Àwọn tó wá pe òkú wọn ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ sókè. Bàbá kan ti fara ti òkúta ọmọ rẹ̀, ó ń tòògbé, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bíi ti òkúta náà gan-an.

Nílùú Ìdí-Òkè, ẹnikẹ́ni kì í gbé omi sẹ́nu láìkọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ kú ìdúró." Ọmọdé ibẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n sọ kó tó mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Odò tí wọ́n torí rẹ̀ jagun ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ará òdì kejì títí di òní. Àwọn tó kú nítorí odò náà ló wá ń fún ilé lómi. Tí Morádékẹ́ bá fẹ́ mumi, kì í sọ ọ́ bí àwọn tó kù. Ohun tirẹ̀ ni, "Eyínmẹ́nugún, o kú ìdúró," yóò sì mu omi náà dé ìsàlẹ̀ ife. Ohun tó mú un gòkè lónìí kò sì ju kí Eyínmẹ́nugún lè máa dúró lọ.

"Màmá," Akíntẹ́wẹ rẹ ohùn sílẹ̀, "ṣé ẹ rí oòrùn yẹn? Bó bá wọ̀ tí òkúta yìí kò tíì la ẹnu, òun fúnra rẹ̀ á fọ ojú ara rẹ̀, orúkọ inú rẹ̀ á sì pa rẹ́. Èmi ò ní fọwọ́ kàn án, mi ò sì lè dá a dúró."

"Bó bá fọ ojú, kí ni yóò ṣe ọkọ mi?"

"Wọn á kà á mọ́ àwọn tó sọnù."

"Ta ló sọnù? Ẹni tí mo mọ yàrá tí wọ́n bí i sí?"

"Òfin òkè kò bèèrè yàrá, Màmá. Ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí i láàyè ni kó wá pè é lọ́dọọdún. Ọdún tí wọn ò bá pè é, ó sọnù nìyẹn."

Oyèníran, ọkọ Morádékẹ́, ló máa ń gòkè wá tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọmọ ogun náà ni, bó bá sì ti dé iwájú òkúta, yóò pe àbúrò rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rán an níṣẹ́, yóò yí padà, yóò sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ iyán. Ìgbà tí àgbàdo ń gbó lọ́dún yìí ni Oyèníran dágbére fáyé. Àwọn ọmọ tó bí kò mọ àbúrò bàbá wọn rárá, ẹ̀yìn ogun ni wọ́n dé. Nínú gbogbo àwọn tó mọ ọkùnrin náà, tó bá a jẹun, tó bá a jà, Morádékẹ́ nìkan ló kù. Ó gun ọkọ̀ okùn tó ń rọ̀ lójú sánmà wá láàárọ̀ yìí, ó di ojú, nítorí kò fẹ́ wo ìsàlẹ̀.

"Àbí ẹ ti gbàgbé orúkọ ọ̀hún ni?" Akíntẹ́wẹ bi í.

Ìgbà yẹn ló tó yíjú sí i. "Gbàgbé kẹ̀? Àràárọ̀ ni wọ́n ń pariwo rẹ̀ nínú agboolé wa. Ìyá rẹ̀ ń pè é, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dúró lójú fèrèsé pè é. Èmi nìkan ni kò pè é rí. Mo bá a nílé ni."

"Ẹ bá a nílé, báwo?"

"Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ì báà jẹ́ pé ó ku ọ̀la kí n wọlé ni wọ́n bí i, ọkọ mi ni."

Akíntẹ́wẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí ibi tó wà, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì. "Ta ló ṣì ń ṣe ìyẹn láyé ìsinsìnyí? Ìyàwó tèmi ń pe bàbá mi lórúkọ, bàbá mi á sì dá a lóhùn pé, kí lo fẹ́?"

"Ilé tiyín nìyẹn. Ẹ kú oríire."

Èmi tó ń sọ ìtàn yìí kò dá olùṣọ́ lẹ́bi, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe agídí lásán ló ń ṣe Morádékẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n mú un wọ agboolé Oyèwùsì, tí wọ́n fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọmọkùnrin kékeré kan ló sáré gba àpótí rẹ̀. Àpótí náà tóbi ju ọmọ náà lọ, ó wọ́ ọ nílẹ̀ dé yàrá, ó sì ń rẹ́rìn-ín ní gbogbo ìgbà náà pẹ̀lú eyín tó jókòó sẹ́nu rẹ̀ dáadáa. Morádékẹ́ wò ó, ó ní, "Eyínmẹ́nugún." Bó ṣe di orúkọ nìyẹn. Gbogbo ará ilé ló sọ lórúkọ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà: ó pe ọ̀kan ní Akọ̀wé, ó pe ọ̀kan ní Ìbàdí-Ìlẹ̀kẹ̀, ó pe bàbá tó ń bínú ní gbogbo ìgbà ní Bàbá Jẹ́jẹ́, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí. Gbogbo wọn ti lọ báyìí. Bí Morádékẹ́ bá jókòó lóun nìkan, orúkọ tó fún wọn ló ń gbọ́, kì í gbọ́ èyí tí ìyá wọn sọ wọ́n.

Obìnrin kan wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà. Morádékẹ́ ti rí i, ó rò pé òkúta tó kàn ni ó wá kí. Aṣọ funfun tuntun kan wà lórí itan rẹ̀, àpótí kékeré kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tóbi ju ìgò aáṣáà lọ, ó ń gbé e sétí lóòrèkóòrè. Nígbà tí ó dìde tó súnmọ́ wọn, Akíntẹ́wẹ sọ ojú rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ kú ìdúró o, Màmá," obìnrin náà kúnlẹ̀. "Wúràọlá lorúkọ mi. Wọ́n ní kí n wá lónìí. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí àyè kan ṣófo."

Morádékẹ́ wo aṣọ funfun náà. Ó mọ ohun tí wọ́n ń fi irú rẹ̀ ṣe. Wọ́n máa ń fi wé ọrùn òkúta lọ́jọ́ tí ọmọ ogun tuntun bá gba àyè. Ó wo Akíntẹ́wẹ.

"Ìwọ lo pè é wá?"

"Màmá, òkè ti kún. Bí a bá tún gbẹ́ òkúta kan sí i, gbogbo rẹ̀ á ya. Àwọn tó wà lórí ìlà pọ̀. Mo rò pé lẹ́yìn tí bàbá ti lọ, kò ní sí ẹni tó máa wá."

"O rò bẹ́ẹ̀." Morádékẹ́ yíjú sí Wúràọlá. "Ta ni tìrẹ?"

"Ọmọ mi ni, Ìbídàpọ̀. Ibodè ló kú sí, lọ́dún yìí." Ó na àpótí kékeré náà sí i. "Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n gbé sínú èyí fún mi. Wọ́n ní kí n máa tọ́jú rẹ̀ títí á fi ríbi dúró."

Morádékẹ́ gbà á, ó gbé e sétí. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ohun kan ń kùn, jẹ́jẹ́, bí ọmọ tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì. Omijé lé sójú arúgbó náà lójijì. Inú rẹ̀ bà jẹ́ fún obìnrin náà gan-an, ó sì tún rí i pé ọ̀nà kan ti là níwájú òun. Kò ní í pe orúkọ. Yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé, ẹnu rẹ̀ á ṣì mọ́, ọmọ ọlọ́mọ á sì ríbi dúró. Ta ni yóò bá a wí?

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí oòrùn wọ̀. Ẹ jẹ́ kó fọ ojú, kí ẹ fi fún un."

"Rárá, Màmá." Wúràọlá gba àpótí rẹ̀ padà, ó fi mọ́ àyà. "Mi ò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti lé ẹnìkan kúrò láìpè é, ṣé ibẹ̀ ni kí n gbé ọmọ mi sí? Kò ní sùn níbẹ̀. Ẹ pe tiyín. Èmi á lọ dúró lórí ìlà."

Akíntẹ́wẹ ń wo oòrùn. Ó ti pọ́n, ìkùukùu sì ti gba àwọ̀ rẹ̀, tí gbogbo òkè fi dà bí inú yàrá tí wọ́n ta aṣọ pupa sí lójú fèrèsé. Labalábá onírin kan wá bà lé èjìká Morádékẹ́, ó nù ún díẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe òkúta, ó fò lọ.

"Màmá, ẹ má bínú pé mo bèèrè," Wúràọlá tún wí. "Ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé yìí, mo mọ̀ ọ́n, ìyá mi náà ṣe é. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀ràn ikú, ìyá mi á pè é, lẹ́yìn náà á bẹ̀bẹ̀. Kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an?"

Morádékẹ́ jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkúta.

"Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wá kó wọn lọ sójú ogun, ìdí àdògán ni mo wà. Eyínmẹ́nugún ti wọ aṣọ ogun, aṣọ náà kò bá a mu, apá rẹ̀ gùn jù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní, 'Ìyàwó wa, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Pè mí lórúkọ lẹ́ẹ̀kan péré. Kí n lè gbé e dání lọ.' Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé. Mo ní, ó di ìgbà tó o bá padà dé. Ọjọ́ tó o bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ wọlé, èmi á pè ọ́, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Ó ní, 'Ṣé o ṣèlérí?' Mo ní mo ṣèlérí." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Mo ti ń tọ́jú rẹ̀ dè é láti ìgbà yẹn. Bí mo bá pè é lórí òkè yìí, mo ti gbà pé kò dé nìyẹn. Oyèníran lè gbà. Èmi ò tíì gbà."

Wúràọlá jókòó ti arúgbó náà, èjìká wọn kan ara wọn.

"Ẹ ní bó bá dé lẹ máa pè é."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ọmọ tó ní ìtìjú ni?"

"Púpọ̀. Bí àlejò bá wà nínú ilé, ìta ló máa dúró sí títí wọ́n á fi ní kó wọlé."

"Màmá," ohùn Wúràọlá kò ju ìró omi lọ, "ta ló wá mọ̀ bóyá ó ti dé tipẹ́? Ta ló mọ̀ bóyá ẹnu ọ̀nà yẹn ló wà, tó ń dúró kí ẹ pè é kó tó wọlé?"

Morádékẹ́ wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Lẹ́yìn náà, ó wo òkúta. Ó wo ihò tẹ́ẹ́rẹ́ ibi ẹnu, ó wo èjìká òkúta náà tí ìkùukùu rọ̀ mọ́ bí aṣọ tí apá rẹ̀ gùn jù. Ẹ̀rù bà á. Gbogbo ọdún tó ti ń wo ojú ọ̀nà, tó ń ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná sílẹ̀ nígbà òjò, kò ronú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé òun ni wọ́n ń dúró dè. Ó di òkúta mú, ó gbé ara rẹ̀ dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ọládépò," ló wí.

Ohùn rẹ̀ kéré. Orúkọ náà dùn lẹ́nu rẹ̀ lọ́nà tó yà á lẹ́nu, bí oúnjẹ tí èèyàn ti ń sè fún ẹlòmíràn láìtọ́ ọ wò rí. Ó mí sínú. "Ọládépò!"

Bàbá tó ń tòògbé jí. Òkúta náà la ẹnu. Ìmọ́lẹ̀ dúró nínú rẹ̀ láìṣẹ́jú mọ́, ìkùukùu tó wà nítòsí sì yí padà, ó ń wọlé. Omi àkọ́kọ́ kán sórí ẹsẹ̀ Morádékẹ́, ó tutù.

"Mo ti gbọ́," ni òkúta wí. "Ọládépò ni. Ṣé kí n dá a dúró?"

"Ẹ ní kó dá a dúró," Akíntẹ́wẹ sọ kíákíá, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ pàtẹ́wọ́. "Ohun tí gbogbo wọn ń sọ nìyẹn, Màmá. Dá a dúró. Ó parí."

Morádékẹ́ ń gbọ́ omi tó ń kán, ó sì ń ro bí ọmọ náà ṣe ti dúró tó, nínú òjò, nínú ọyẹ́, láàárín àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀.

"Rárá," ló wí. "Má dá a dúró mọ́. Ó ń bá mi lọ sílé."

"Màmá!" Akíntẹ́wẹ fò síwájú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ farabalẹ̀. Bó bá ti fọ ojú báyìí, orúkọ yẹn ti kúrò lórí òkè títí láé nìyẹn. Àwọn ọmọ yín ò ní bá a níbí. Ẹnikẹ́ni ò ní bá a níbí."

"Wọ́n á bá a nílé. Èmi á sọ ọ́ fún wọn."

"Ẹnikẹ́ni ò dáhùn bẹ́ẹ̀ rí!"

"Ṣé òfin ní kí n má dáhùn bẹ́ẹ̀?"

Olùṣọ́ dúró, ó ń wá ọ̀rọ̀. Mo rò pé ó wá a dáadáa, nítorí kì í ṣe èèyàn burúkú. "Ẹni tó pè é ló ni ìdáhùn," ó wí níkẹyìn. "Ohun tí òfin sọ nìyẹn."

Òkúta ti ń gbọ́ wọn. Ìmọ́lẹ̀ ẹnu rẹ̀ ṣí, ó pa dé, ó tún ṣí, bí ẹni tó ń ronú. "Kò sọnù," ni ohùn náà wí, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá ìbéèrè ni.

"Kò sọnù," Morádékẹ́ dá a lóhùn.

"Ó ti lọ sílé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Omi dáwọ́ dúró. Ìmọ́lẹ̀ kú, ihò náà sì pa dé. Ojú òkúta mọ́ tónítóní. Morádékẹ́ fọwọ́ kàn án, òkúta lásán ló bá níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé yóò dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ó sunkún níbẹ̀ lórí ìdúró, ó sun ún dáadáa, láìbo ojú, Wúràọlá sì dì í mú títí tó fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, arúgbó náà mú aṣọ funfun lórí ẹní, ó gbọn eruku rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Ó yá. Oòrùn ò ní dúró dè ọ́."

Wúràọlá wé aṣọ náà mọ́ òkúta. Ó ṣí àpótí kékeré rẹ̀ sí ẹnu ihò náà, ó pe ọmọ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì là.

"Mo ti gbọ́. Ìbídàpọ̀ ni. Ṣé kí n dá a dúró?"

Wúràọlá wo Morádékẹ́, ojú tì í. "Mi ò tíì lè ṣe bíi tiyín, Màmá."

"Ta ló ní kó o ṣe bíi tèmi? Dá ọmọ rẹ dúró. Ọgbẹ́ rẹ ṣì tutù."

"Dá a dúró," ni Wúràọlá sọ fún òkúta. "Jọ̀ọ́, dá a dúró." Omi bẹ̀rẹ̀ sí kán.

Akíntẹ́wẹ sin Morádékẹ́ dé ibi ọkọ̀ okùn. Ó bá a wọ bàtà rẹ̀, ó dì í lọ́wọ́ mú wọnú ọkọ̀, ó sì fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ìkùukùu ti bo gbogbo ọ̀nà tí wọ́n gbà bọ̀. Arúgbó náà na ọrùn síta, ó kọ ojú sí ibi tí wọ́n ti wá, ó sì fi gbogbo ohùn tó kù lọ́fun rẹ̀ pariwo.

"Ọládépò! Máa bọ̀ jàre, ilẹ̀ ti ń ṣú!"

Akíntẹ́wẹ di ilẹ̀kùn mú ní ṣíṣí, ó dúró díẹ̀ kó tó pa á dé.